Ojú bàámi wú, dókítà ní stent ló kù. Ṣé ká gbà?

Àbígbẹ̀yìn Bàbá: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ló ń bá bàámi jà. Láti bí ọjọ́ 9 ni ojú àti ọrùn wọn ti ń wú, àárọ̀ ló sì máa ń le jù. Bọ́tìnnì ọrùn ẹ̀wù wọn ò pàdé mọ́. Tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wọ bàtà, òòyì á kọ́ wọn. Orí ìjókòó ni wọ́n ń sùn. Iṣan ti yọ sí gbogbo àyà wọn bí ìtàkùn. Dókítà ní kókó náà ti fún iṣan ńlá tó ń dá ẹ̀jẹ̀ orí àti apá padà sínú ọkàn mọ́lẹ̀, pé kí wọ́n kọ́kọ́ fi stent, àwọ̀n irin kékeré, sí i kí chemo, ìyẹn oògùn jẹjẹrẹ, tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn àbúrò bàámi yarí, wọ́n ní irin ò gbọdọ̀ wọ ara àgbàlagbà. Ṣé ká dúró de chemo ni?

Ìyá Ìbejì: Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Wọ́n ṣe é fún ọkọ mi. Wọn ò la àyà rárá. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ pa òkè itan, ibẹ̀ ni wọ́n gbà ti wáyà tín-ín-rín lọ sókè, wọ́n ń wò ó nínú ẹ̀rọ. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Ó ní ìgbà tí wọ́n fẹ́ fèrè kékeré kan bíi bàlúùnù nínú iṣan ọ̀hún ni àyà ro òun. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ̀fọ́rí fúyẹ́. Nígbà tó di ọjọ́ kejì mo tún rí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọkọ mi, mo sunkún. Apá ló pẹ́ kó tó fọn, bí ọjọ́ 3. Àmọ́ kí ni bàbá fúnra wọn wí?

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Àwọ̀n irin ni stent, ó máa ń là fúnra rẹ̀, á sì gbé ara iṣan dúró kí kókó má lè tẹ̀ ẹ́ pa. Nínú 100 tí wọ́n ṣe é fún, ó lé ní 90 tí iṣan wọn máa ń là. Kò wo jẹjẹrẹ o, chemo tàbí ìtànṣán tí wọ́n ń tàn sí jẹjẹrẹ ṣì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Ẹ bi dókítà pé irú jẹjẹrẹ wo ni. Èyí tí wọ́n ń pè ní small cell máa ń tètè sún kì tí chemo bá bà á. Àwọn yòókù kì í yá bẹ́ẹ̀, ìtànṣán sì lè gbà tó ọ̀sẹ̀ 2 kí ojú tó fọn. Ẹni tí èémí ti ń há, mi ò ní gbà á níyànjú láti dúró. Ẹ bèèrè bóyá ẹ̀jẹ̀ ti dì sínú iṣan náà, torí wọ́n lè ní láti kọ́kọ́ yọ ìyẹn. Ẹ gbé orí wọn ga. Ẹ sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gún wọn lábẹ́rẹ́ tàbí fa omi sí wọn lára pé kó má lo apá tó wú. Tí wọ́n bá ń ṣe rán-ùn, tí oorun ń gbé wọn lọ lódìlódì, tàbí tí èémí wọn ń dún fíì, ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn lóru yẹn náà.

Ọmọ Olúwa: Ẹ má fọwọ́ yẹpẹrẹ mú oògùn tí kì í jẹ́ kẹ́jẹ̀ dì, tí wọ́n bá fún wọn lẹ́yìn stent. Ẹ̀gbọ́n mi dá a dúró fúnra rẹ̀ nígbà tí ojú rẹ̀ fọn. Lẹ́yìn oṣù 2, ó tún wú. Stent mìíràn ni wọ́n fi sínú ti àkọ́kọ́.

Àbígbẹ̀yìn Bàbá: Ẹ ṣeun gan-an. Kì í ṣe small cell. Ìyá Ìbejì, gbogbo àríyànjiyàn wa, a ò tíì bi bàámi léèrè. Mo bi wọ́n lálẹ́ àná. Wọ́n ní àwọn kàn fẹ́ fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn. Àárọ̀ ọ̀la ni wọ́n máa ṣe é. Ẹ bá wa gbàdúrà.