Ìṣúná, ìmúṣẹ àti owó ìṣọ́: èsì sí àwọn ọ̀rọ̀ tuntun fún iṣẹ́ kọ̀ǹpútà

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o.

Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Ẹ̀pẹ́ fi àkójọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ fún ẹni tó bá fẹ́ kọ ìwé ètò iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Yorùbá, pàápàá iṣẹ́ tí a kò fẹ́ kí àwọn olè orí ayélujára rí ọ̀nà wọ̀. Wọ́n ní ká pe bọ́jẹ́ẹ̀tì ní "ìṣúná", ká pe ṣíṣe iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ní "ìmúṣẹ", kí owó tó bá lọ sórí ààbò máa jẹ́ "owó ìṣọ́", kí ẹni tí a gbà láti yẹ ẹ̀rọ wò bóyá olè lè wọlé máa ṣe "ìdánwò ìjálẹ̀kùn". Àbúrò wa láti Àgbádárìgì fèsì pé ká má da ara wa láàmú, pé kò sí agbaṣẹ́ṣe tó máa ka Yorùbá, ká fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì.

Mi ò sí lẹ́yìn ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì. Àbúrò mi, òótọ́ ni pé agbaṣẹ́ṣe ò ní ka Yorùbá, ṣùgbọ́n agbaṣẹ́ṣe kọ́ ló ń fọwọ́ sí owó. Ní Ìkòròdú níbí, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí mo wà nínú rẹ̀ fẹ́ ṣe áàpù tí ọmọ ẹgbẹ́ yóò fi máa rí owó tó ti dá àti gbèsè tó kù lọ́rùn rẹ̀ lórí fóònù, dípò káàdì tí òjò ń pa. Àwọn tó máa nàwọ́ sí i ní ìpàdé ni àwọn oníṣòwò Sábó, àwọn ẹlẹ́ja Ẹ̀bútè àti àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Bí wọn kò bá gbọ́ ohun tó wà nínú ìwé, ẹlòmíràn ló máa bá wọn náwó wọn.

Ìṣúná ló ń dùn mí jù. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti fìdí múlẹ̀. Gbogbo ìparí ọdún ni rédíò ń sọ pé gómìnà ti gbé àbá ètò ìṣúná lọ síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, kò sì sí ẹni tó ń tú ìtumọ̀ rẹ̀ mọ́. Lẹ́nu ìjọba, ó ti di orúkọ lásán. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀-ìṣe tí wọ́n fi ṣẹ̀dá rẹ̀ ṣì wà láàyè lẹ́nu àwọn ìyá wa. Wọ́n ń ṣún owó ná, wọ́n ń ṣún epo lò. Bí ẹran ò bá pọ̀ nínú ọbẹ̀, wọ́n á ní kí ọmọ ṣún un jẹ. Àwọn mìíràn tilẹ̀ máa ń kọ ọ́ ní "ìṣúnná" kí orísun rẹ̀ lè hàn. Nítorí náà, ẹni tó bá gbọ́ "ìṣúná iṣẹ́ náà" ní ìpàdé, ohun tó gbọ́ ni pé a ti pinnu láti dín owó kù, kí wọ́n wá bá wa wá ibi tí a óò ti gé e.

Ohun tó sì ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn. Ìwé tí ìgbìmọ̀ kọ ni wọ́n ní kí n kà sókè: owó kíkọ áàpù, owó ibi tí dátà yóò máa gbé, owó fóònù fún àwọn agbowó, owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́, lẹ́yìn náà "owó ìṣọ́" nísàlẹ̀ pátápátá, òun nìkan lórí ìlà tirẹ̀. Mi ò tíì kà á tán tí ìyá kan tó ń ta ẹja yíyan fi dìde. "Akọ̀wé, ẹ ní ẹ fẹ́ ṣún un ná. Ilé tí a ò tíì kọ́, ọdẹ wo la fẹ́ gbà sí i?" Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Bẹ́ẹ̀, ìyá yìí kan náà kì í fi àgádágodo kan ṣoṣo ti ìsọ̀ rẹ̀. Kì í ṣe pé kò mọyì ààbò. Ọ̀rọ̀ méjèèjì tó wà nínú ìwé ló jọ gbè é: ọ̀kan ní kó gé owó, èkejì fi ibi tó ti máa gé e hàn án.

Nítorí ní àdúgbò wa, owó ọdẹ ni owó ìṣọ́. Ẹgbẹ́ onílé ló ń gbà á lóṣooṣù, lẹ́yìn tí ilé ti dúró tí èèyàn ti kó wọ̀ ọ́. Ààbò dátà ò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọjọ́ tí wọ́n ń ya àwòrán iṣẹ́ ni wọ́n ti ń bi í: ta ni yóò lè rí àkọsílẹ̀ owó ọmọ ẹgbẹ́, ta ni yóò lè yí i padà, ṣé ẹnì kan ṣoṣo lè buwọ́ lu ẹ̀yáwó àbí ó di ẹni méjì, ṣé a óò sọ dátà náà di àdììtú kí ẹni tó bá jí i má lè kà á, ibo la ó fi ẹ̀dà rẹ̀ sí. Bí a kò bá bi ìbéèrè wọ̀nyí lọ́jọ́ náà, títú ohun tí wọ́n ti kọ́ palẹ̀ láti tún un kọ́ á gbówó ju èyí tí a rò pé a ṣún lọ.

Ẹlòmíràn lè ní ká kúkú pè é ní "owó ààbò orí ayélujára". Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí oṣù Karùn-ún ọdún 2024. CBN, báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa, ní kí àwọn báńkì máa yọ ìdá 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún lára owó tí èèyàn bá fi ránṣẹ́ láti orí ẹ̀rọ, kó máa wọ àpò ààbò ayélujára ti ìjọba. Ariwo ta, ìjọba dá a dúró, CBN sì fagi lé ìwé tó kọ kí oṣù náà tó parí. Owó náà lọ, orúkọ rẹ̀ ò lọ. Ẹni tó bá pe orúkọ yẹn ní Sábó lónìí, owó orí tuntun ni wọ́n máa gbọ́. (Ayélujára fúnra rẹ̀, ẹni tó ṣẹ̀dá rẹ̀ kò purọ́: ayé tó lu já ara wọn. Ohun tó bá lu, ihò wà lára rẹ̀.)

Àbá tèmi ni pé ká fi ìṣúná sílẹ̀ fún ìjọba, ká pe ti irú iṣẹ́ yìí ní "ètò ìnáwó". Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ: ìnáwó ni à ń pe ìgbéyàwó àti òkú àgbà. "Ètò" tó ṣíwájú rẹ̀ ti yà á kúrò lára aṣọ ẹbí. Kí a má sì fún owó ààbò ní ìlà tirẹ̀ lọ́tọ̀. Kí a kọ ọ́ mọ́ inú gbogbo ìlà, "kíkọ áàpù pẹ̀lú ààbò rẹ̀", "ibi tí dátà ń gbé pẹ̀lú ààbò rẹ̀". Mo ń pè é ní "ààbò àtìpìlẹ̀". Oníṣirò owó á bínú sí mi, á ní òun ò ní mọ iye tó lọ sórí ààbò. Kó tú u sí wẹ́wẹ́ nínú ìwé tirẹ̀. Ìwé tí èrò fẹ́ dìbò lé lórí kò gbọdọ̀ ní ibi tó rọrùn láti fi ọ̀bẹ gé.

Òfin náà wà níbẹ̀. Òfin ìdáàbòbò dátà ilẹ̀ Nàìjíríà, tí ààrẹ buwọ́ lù lọ́dún 2023, ní bí dátà bá jò lọ́nà tó ṣeé ṣe kó ṣe ẹni tó ni í ní jàǹbá, kí ẹni tí dátà náà wà níkàáwọ́ rẹ̀ fi tó NDPC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó òfin yìí, létí láàárín wákàtí 72 tó bá ti mọ̀. Ìtanràn fún ẹni tó bá rú òfin lè tó mílíọ̀nù 2 náírà tàbí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé fún un lọ́dún tó ṣáájú, èyíkéyìí tó bá pọ̀ jù. Fún àwọn tí òfin kà sí pàtàkì, mílíọ̀nù 10 ló rọ́pò mílíọ̀nù 2 yẹn. Mo ṣàlàyé gbogbo èyí fún ìpàdé láìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ kankan. "Jò" nìkan ni mo lò, kò sì sí ẹni tó ní òun ò gbọ́.

Ìmúṣẹ ńkọ́? Àlá ni í ṣẹ, àsọtẹ́lẹ̀ ni í ṣẹ. Nígbà tí mo ka "ìmúṣẹ iṣẹ́ náà yóò wáyé ní ìpele mẹ́rin", ńṣe ni àwọn àgbà kan dáhùn látẹ̀yìn pé "Àṣẹ!" Ẹ̀rín pa mí, ṣùgbọ́n wọn ò ṣì í gbọ́. Ohun tó bá máa ṣẹ á ṣẹ, kò sí ẹni tó ń dúró tì í. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà sì rèé, bí a bá san owó ìpele kejì kí a tó yẹ ìpele kìíní wò, ó tán. Agbaṣẹ́ṣe á fẹ́ gba èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀rẹ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ náà á dé lágbedeméjì, á ní kí wọ́n kúkú fi ẹ̀yáwó ọ̀gànjọ́ kún áàpù náà. Àfikún ni èyí, ọ̀rọ̀ ti wà fún un, kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ ṣẹ̀dá òmíràn. Ṣùgbọ́n àfikún kọ̀ọ̀kan ló ní owó tirẹ̀ àti ihò tirẹ̀, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ wà tó máa kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó gbà. Ohun tí à ń wí ni "bíbójútó iṣẹ́", "alábòójútó iṣẹ́" sì lẹni tó ń ṣe é. Àwọn kan fẹ́ "olùdarí". Olùdarí lè pàṣẹ láti ilé rẹ̀. Ojú wà nínú bójútó.

Ó wá ku ìdánwò ìjálẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ eléyìí. Ìbéèrè tó tẹ̀ lé e ní ìpàdé ni pé, "Ṣé a óò tún sanwó fún ẹni tó máa wá jà wá lólè ni?" Mo fi òwe dá wọn lóhùn, pé olè ní í mọ ẹsẹ̀ olè í tọ̀ lórí àpáta, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n òwe yẹn fi nǹkan kan pamọ́: ẹni yìí kì í ṣe olè. Òfin ìwà ọ̀daràn orí ayélujára ti ọdún 2015 ka wíwọ inú kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn láìgbàṣẹ sí ẹ̀ṣẹ̀. Ìwé àṣẹ tí ẹgbẹ́ buwọ́ lù, tó sọ ibi tó lè fọwọ́ kàn àti ọjọ́ tó máa parí, ni ìyàtọ̀ àárín òun àti ajálẹ̀kùn. Mo dábàá "ìwáhò" fún iṣẹ́ rẹ̀, "awáhò" fún òun fúnra rẹ̀, nítorí ihò ló ń wá, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ fún onílé. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ní ọ̀nà Àgbọ̀wá, ọdẹ òkété ni wọ́n máa fi awáhò pè. Kò burú, iṣẹ́ wọn jọra. Òun nìkan ni mo fún ní ìlà tirẹ̀ nínú ètò ìnáwó, torí ó gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó kọ áàpù, kí owó ìkẹyìn agbaṣẹ́ṣe sì wà nílẹ̀ títí wọ́n á fi dí gbogbo ihò tó bá rí.

"Ewu" dára bó ṣe wà. Àmọ́ àwọn tó ń kọ ìwé ewu, ìyẹn ìwé tí a ń to ohun tó lè ba iṣẹ́ jẹ́ sí, sábà máa ń ka olè ìta nìkan. Ewu ń bẹ lóko Lóńgẹ́, Lóńgẹ́ fúnra rẹ̀ ewu ni. Akọ̀wé tó mọ ọ̀rọ̀ aṣínà ("password") gbogbo èèyàn, agbaṣẹ́ṣe tó ti gbowó lọ tí ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, àwọn yẹn ni Lóńgẹ́. Inú mi á dùn bí a bá lè fi orúkọ rẹ̀ pe ìlà wọn nínú ìwé ewu.

Àwọn yòókù ò gba àròjinlẹ̀. "Ọ̀rọ̀ aṣínà" dára, "ẹ̀dà ìpamọ́" fún "backup" dára, "iṣẹ́ àkànṣe" fún "project" náà ò ní wàhálà. "Ògiri iná" tí ẹnì kan mú wá fún "firewall", ohun tó ń dí ọ̀nà mọ́ olè orí ayélujára, ẹ má jẹ́ ká fi iná sun ilé tí à ń dáàbò bò. "Odi" ti tó.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi rò ni "owó àìròtẹ́lẹ̀", owó tí a yà sọ́tọ̀ nítorí bí ìnáwó bá kọjá ohun tí a kọ. Ta ni kò rò ó? Dọ́là la fi ń san owó ibi tí dátà ń gbé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan wà ní nǹkan bíi náírà 460 ní ọjà ìjọba. Kí oṣù Kejì ọdún 2024 tó parí, ó ti kọjá 1,500. Ẹni tó bá rí ìyẹn kò lè ní òun ò rò ó tẹ́lẹ̀ mọ́. Mo kọ "owó àfipamọ́dè" sínú ìwé tuntun, owó tí a fi pamọ́ de ohun tí a mọ̀ pé ó lè yọjú. Ẹnu mi ò tíì gbà á dáadáa. Bí ẹnikẹ́ni bá ní èyí tó yá lẹ́nu jù ú lọ, kó fi ránṣẹ́ kí n tó gbé ìwé náà lọ síbi ìtẹ̀wé. Ìpàdé tó ń bọ̀ ni wọ́n máa dìbò.