Bí wọ́n ṣe bí ẹ̀yin fúnra yín, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ìyá. Nígbà tí mo lọ fi orúkọ oyún mi àkọ́kọ́ sílẹ̀, nọ́ọ̀sì bi mí pé, "Ṣé oṣù yín pé kí wọ́n tó bí yín?" Mo ní ó pé. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi rí o, mo kàn rò bẹ́ẹ̀ ni.

Ọ̀sẹ̀ 34 ni ẹ̀jẹ̀ mi ru, ojú wú, ẹsẹ̀ wú, wọ́n sáré ṣiṣẹ́ abẹ fún mi. Kílò 1.8 ni ọmọ. Wọ́n tẹ́ ẹ sí mi láyà, ara kan ara, wọ́n fi ìró dì í mọ́ mi. Ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ju hóró àgbàdo lọ. Ìyá mi wọlé, wọ́n wò ó, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Bí ìwọ náà ṣe rí nìyí. Oṣù rẹ ò pé. Òwú la fi wé ẹ, inú páálí mílíìkì la tẹ́ ẹ sí. Gìrì gbé èmi alára."

Láti ọdún yìí wá! Àwọn kan nílé ọkọ wọn ló ní ayé ló ń bá wọn jà, ni ìyá mi bá gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún ló ń fa irú gìrì bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń rìn láti ìyá sí ọmọbìnrin. Ká ní wọ́n mọ̀ ni, wọn ì bá ti fi mí sórí asipirin 75 mg lójoojúmọ́ kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 20. Nígbà oyún kejì, ohun tí mo kọ́kọ́ sọ nìyẹn. Wọ́n fún mi. Ọ̀sẹ̀ 38, kílò 2.9. (Ẹ má dá a lò o, dókítà ni kó kọ ọ́ fún yín.)

Ìyá Bọ̀dé: Ẹ kú ewu ọmọ, ẹ̀gbọ́n. Oṣù tèmi pé, àmọ́ kílò 2.2 ni mo jẹ́, káàdì tí bàbá mi tọ́jú ló sọ ọ́. Ọmọ tí ò bá tó 2.5, ó kéré nìyẹn. Ọmọbìnrin mi náà, 2.3. Wọ́n ní mi ò jẹun lóyún. Mo jẹun! Nọ́ọ̀sì kan ló tù mí nínú: ó ní ẹyin obìnrin ti máa ń wà lára rẹ̀ kí wọ́n tó bí i. Ẹyin tó di ọmọ mi ti wà lára mi níkùn ìyá mi. Àwa méjèèjì ni ìyá mi gbé níkùn lọ́dún tí ibà ò jẹ́ kí wọ́n gbádùn yẹn, tí kò sí nẹ́ẹ̀tì.

Ìyá Bọ̀dé, ẹ ṣé gan-an. Mo ti kọ ọ́ sẹ́yìn káàdì àjẹsára ọmọbìnrin mi: ọ̀sẹ̀ 34, kílò 1.8, ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìyá mi ló mú bírò wá.