Orin bàtà wo ni ó wọ̀ yín lára, níbo ni ẹ sì ti gbọ́ ọ?

Àgbà Àwo: Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ohùn Elvis Presley ni mo fi mọ "Blue Suede Shoes", nítorí pé òun ni orin àkọ́kọ́ nínú àwo ńlá tí ó kọ́kọ́ gbé jáde ní ọdún 1956, bàbá mi kì í sì í yọ àwo náà kúrò lórí ẹ̀rọ. Mo ti di géńdé kí n tó gbọ́ ọ lẹ́nu Carl Perkins tí ó ni ín. Kíkà ni orin náà fi bẹ̀rẹ̀: bí Perkins bá ka oókan, gìtá á ké, á dákẹ́, kí ó tó ka eéjì; Elvis kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀, wéréwéré ni ó kà á tán. Ti Perkins ni mo ń gbọ́ títí di òní. Ẹ̀yin ńkọ́?

Ẹlẹ́sẹ̀ Ijó: Elvis ni ó ni orin yẹn. Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n.

Gìgísẹ̀: Ó ni ín báwo? Johnny Cash ni ó gba Perkins nímọ̀ràn pé kí ó fi irú bàtà bẹ́ẹ̀ kọ orin, Perkins fúnra rẹ̀ ni ó sì rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan lágbo ijó tí ó ń kìlọ̀ fún ọmọbìnrin tí wọ́n jọ ń jó pé kò gbọdọ̀ tẹ bàtà òun. Ìjàǹbá ọkọ̀ ni ó dá Perkins dúró ní oṣù kẹta ọdún 1956, nígbà tí ó ń lọ sí New York láti kọ ọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n. Síbẹ̀, àwo tirẹ̀ dé ipò kejì ní Amẹ́ríkà, ti Elvis kò sì kọjá ipò ogún.

Ẹlẹ́sẹ̀ Ijó: Ta ni gbogbo ayé fi orin náà mọ̀? Ẹ dá mi lóhùn ìyẹn.

Oníbáàsì: Ẹ fi àwọn méjèèjì sílẹ̀ ná. Báàsì ni mo ń ta, kò sì sí òde tí a ti ṣeré tí wọn kì í ní kí n ta ìbẹ̀rẹ̀ "These Boots Are Made for Walkin'", níbi tí ohùn ti ń yọ̀ bọ̀ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Báàsì onígi gàgàrà ni Chuck Berghofer fi ta á, ìka rẹ̀ kàn ń wọ́ lọ lórí okùn ni. Lórí báàsì oníná bíi tèmi, irin tó dábùú ọrùn rẹ̀ á máa gé ohùn náà sí wẹ́wẹ́. Mo máa ń tọrọ àforíjì kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Gìgísẹ̀: Orin ìyá mi nìyẹn! Bí bàbá mi bá pẹ́ kí ó tó wọlé, orin yẹn ni yóò fi pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Lee Hazlewood tí ó kọ ọ́ fẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ kọ ọ́, Nancy Sinatra ni ó sọ fún un pé ọ̀rọ̀ ìkà ni yóò dà bí ó bá ti ẹnu ọkùnrin jáde. Ní ọdún 1966, ó gbé e dé ipò kìíní ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹlẹ́sẹ̀ Ijó, ṣé Nancy ni ó ni ti èyí náà?

Ẹlẹ́sẹ̀ Ijó: Òun ni. N kò yí ọ̀rọ̀ mi padà.

Bàtà Aláìlókùn: "My Adidas" ti Run-DMC, ẹgbẹ́ olórin ráàpù, ni tèmi. Olùkọ́ wa kan gba bàtà lẹ́sẹ̀ mi nítorí pé mo yọ okùn rẹ̀ bíi tiwọn.

Àgbà Àwo: Ìpolówó ọjà ni ìyẹn.

Bàtà Aláìlókùn: Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ti kọ orin náà kí owó tó dé. Ìgbà tí wọ́n ní kí èrò gbé bàtà sókè ní gbọ̀ngàn Madison Square Garden ní New York ní ọdún 1986, tí bàtà sì kún òkè lójú aṣojú ilé-iṣẹ́ Adidas, ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bá wọn ṣe àdéhùn.

Ọmọ Alákọ̀wé: Bàtà tí kò bá dún ko-ko-kà, kí ni à ń kọrin rẹ̀ sí?

Ohùn Ìsàlẹ̀: Ẹgbẹ́ akọrin wa gbìyànjú ìbẹ̀rẹ̀ "Diamonds on the Soles of Her Shoes", èyí tí kò ní ohun èlò orin kankan nídìí, ohùn àwa onísàlẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pin. Orúkọ Paul Simon ni ó wà lára àwo náà, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ akọrin Ladysmith Black Mambazo ti South Africa ni ó ṣílẹ̀kùn orin, Youssou N'Dour ti Senegal sì wà lára àwọn tí ó lùlù sí i. Ta ni a ó wá fi èyí fún?

Ẹlẹ́sẹ̀ Ijó: Paul Simon. Ẹ̀yin náà ṣáà ti sọ pé orúkọ rẹ̀ ni ó wà níbẹ̀.

Gìgísẹ̀: Ẹ yí àwo náà padà, kí ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n kọ orúkọ Joseph Shabalala, olórí Ladysmith, mọ́ ti Simon fún ìbẹ̀rẹ̀ yẹn.