Ṣé kí n gbé qubit mi kúrò lórí lithium niobate ni?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fọwọ́ ara yín ṣe chip. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Qubit méjì (ẹyọ ìsọfúnni kọ̀ǹpútà quantum) ni mo fẹ́ fi resonator SAW so pọ̀. SAW ni ìgbì ohùn tó ń rìn lójú kírísítàlì; resonator ni ibi tí ìgbì náà ti ń lọ tó ń bọ̀. Lithium niobate ni kírísítàlì tèmi. Ìgbì yìí kì í sáré tó ìmọ́lẹ̀: bíi 4,000 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ní 4 GHz, gígùn ìgbì kan kò ju máíkírómítà 1 lọ, ìka transducer mi (àwọn ìlà irin tó ń sọ iná di ìgbì ohùn) sì gbọ́dọ̀ tín-ínrín tó 250 nm. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn lift-off (fífọ irin tí a kò fẹ́ kúrò), mo wò ó lábẹ́ máíkírósíkópù: ìka mẹ́ta ti lẹ̀ mọ́ra bí ìrẹsì ìdí ìkòkò.

Èyí tó dùn mí jù ni pé orí lithium niobate yẹn kan náà ni mo ṣe qubit sí, kíá ló sì ń pàdánù agbára. Mo fura pé kírísítàlì ló ń fà á lọ. Ẹgbẹ́ olùṣèwádìí Andrew Cleland ní Yunifásítì Chicago fi qubit tiwọn sórí sapphire, kírísítàlì mìíràn, wọ́n wá da chip SAW dé e. Ní 2019, wọ́n so qubit méjì pọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá mi ní kí n kúkú lo quartz. Lóòótọ́, kò ní fa agbára tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ìsopọ̀ iná àti ìgbì ohùn nínú rẹ̀ kò lágbára.

Ta ló ti da chip dé ara wọn rí láìní ẹ̀rọ olówó ńlá? Gọ́ọ̀mù wo lẹ lò tí kò sán ní 10 mK (òtútù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òpin òtútù)?