Ṣé kí n fi owó ṣọ́ọ̀bù mi sínú ìkànnì tí wọ́n ń kọ́ fún àwa oníṣẹ́ ọnà nìkan?

Àǹtí Ayàwòrán, Ṣómólú

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ owó ni mo gbé wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i kó tó di ọjọ́ Ẹtì.

Àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta kan ní Yábàá ń kọ́ ìkànnì tuntun sórí fóònù. Àwa oníṣẹ́ ọnà nìkan ni wọ́n ń kọ́ ọ fún: ayàwòrán, agbẹ́gilére, aládìrẹ, àtàwọn tó ń ya fọ́tò. Kò sí ijó níbẹ̀, kò sí ìjà òṣèlú. Wọ́n ní kí n mú mílíọ̀nù kan náírà wá, kí èmi náà ní ìpín nínú rẹ̀. Owó náà wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù ni mo ń tọ́jú rẹ̀ fún, kí n lè kúrò nínú yàrá kan náà tí mo ti ń yàwòrán tí mo tún ti ń sùn.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wọn wọ̀ mí létí ni pé Instagram ti sú mi. Mo lè fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ya ojú ìyá arúgbó kan, kí n fa irun ìpéǹpéjú rẹ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ, kí n gbé e síbẹ̀, kó má kọjá ọ̀dọ̀ àwọn mọ̀lẹ́bí mi. Fídíò ibi tí mo ti ń fọ búrọ́ọ̀ṣì ni wọ́n máa rọ́ wá wò. Ọ̀rọ̀ AI, ẹ̀rọ tó ń fi iṣẹ́ wa kọ́ bí a ṣe ń yàwòrán, tún wà ńbẹ̀: Meta, ilé iṣẹ́ tó ni Facebook àti Instagram, ti sọ ọ́ ní gbangba pé àwòrán tí a gbé síta lórí wọn wà lára ohun tí àwọn fi ń kọ́ AI àwọn. Ó dùn mí wọ egungun.

Ṣé ìkànnì àwa nìkan lè dúró, àbí kí n lọ gba ṣọ́ọ̀bù mi?

Bàbá Oníférémù, Ojúẹlẹ́gbá

Gba ṣọ́ọ̀bù rẹ, ọmọ mi. Èmi tí mò ń de férémù, mo mọ àwọn tó ń ra àwòrán. Lọ́yà ni, oníbáńkì ni, ìyàwó ilé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó lọ sí Ìkòyí tó fi téèpù wọn ògiri pálọ̀ rẹ̀ kó tó wá bá mi ni. N kò tíì rí ayàwòrán kan nínú wọn. Kí ni irú àwọn bẹ́ẹ̀ fẹ́ wá dé ìkànnì tó jẹ́ tàwa nìkan?

Ṣé ẹ rántí ọmọkùnrin ọmọ ọdún 11 tó ya Macron, Ààrẹ ilẹ̀ Faransé, ní Shrine ní Ìkẹjà lọ́dún 2018? Macron fúnra rẹ̀ ló gbé ọ̀rọ̀ ọmọ náà sórí Twitter, tí gbogbo ayé fi rí i. Ká ní ibi tó jẹ́ ti ayàwòrán nìkan ló wà, àwa-ara-wa là bá máa yìn ín.

Ọ̀dọ́ Ayàwòrán, Bàrígà

Bàbá, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Títà nìkan kọ́ ló ń gbé wa débẹ̀. Nígbà kan, ara àwọn èèyàn tí mo bá yà máa ń rí bí èédú. Nínú ẹgbẹ́ ayàwòrán kan lórí WhatsApp ni ọ̀gá kan ní Ìbàdàn ti sọ fún mi pé kí n gbé túúbù dúdú sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí n po burnt umber, ọ̀dà aláwọ̀ ilẹ̀, mọ́ ultramarine, ọ̀dà búlúù, kí n sì fi pupa díẹ̀díẹ̀ sí i níbi tí oòrùn bá ti kan ara. Ó fa ìlà sórí fọ́tò tí mo fi ránṣẹ́ sí i: etí, ṣóńṣó imú, òkè ẹ̀rẹ̀kẹ́. Láti ọjọ́ náà ni ara wọn ti ń dán. Lórí Instagram, "ó dáa gan-an" lásán ni wọ́n ń kọ sí mi. Ta ló máa rí i pé ọ̀dà kò pò bí kò ṣe ẹni tó ń po ọ̀dà? Èmi fẹ́ ìkànnì yẹn.

Sisí Kọ̀ǹpútà, Ìkẹjà

Àwọn kan ti ṣe é rí, ó sì dúró. DeviantArt ti wà láti ọdún 2000. Pixiv tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Japan lọ́dún 2007 ṣì wà dòní. ArtStation ni kí ẹ wò dáadáa, torí pé àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe géèmù àti sinimá máa ń wá ẹni tí wọ́n máa gbà síṣẹ́ lọ síbẹ̀. Ẹni tó lówó lọ́wọ́ ní ìdí tó fi ń wọlé síbẹ̀, ohun tí Bàbá ń béèrè gan-an nìyẹn.

Àmọ́ ọ̀pọ̀ irú wọn ti bọ́ sọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ńlá. Adobe ra Behance, ìkànnì míì tó jẹ́ ti oníṣẹ́ ọnà, lọ́dún 2012. Wix ra DeviantArt lọ́dún 2017 ní mílíọ̀nù 36 dọ́là, Epic Games sì ra ArtStation lọ́dún 2021. Nígbà tó di 2022, DeviantArt fúnra rẹ̀ gbé AI tó ń yàwòrán jáde, inú bí àwọn ayàwòrán gidigidi. Ello, ìkànnì míì, ńkọ́? Ó dé ní 2014, ó ní òun kò ní gba ìpolówó ọjà láé. Ó kógbá sílé ní 2023.

Ẹ̀gbọ́n Kóòdù, Sùúrùlérè

Àǹtí, iṣẹ́ mi nìyí, ẹ gbọ́ tèmi. Àwòrán wúwo, gbogbo ìgbà tí èèyàn bá ṣí i wò ni owó ń lọ. Jingna Zhang, ayafọ́tò, ló dá ìkànnì Cara sílẹ̀ fún àwọn oníṣẹ́ ọnà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà 2024, nígbà tí ọ̀rọ̀ Meta àti AI ń gbóná, èrò rẹ̀ kúrò ní nǹkan bí 40,000, ó kọjá 650,000 láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Ìwé owó tí ilé iṣẹ́ tó ń gbé ìkànnì náà ró kọ sí i lé ní 96,000 dọ́là. Èrò tó ń bẹ Ọlọ́run fún ló fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ di onígbèsè.

Ẹ bi àwọn ọmọ Yábàá wọ̀nyẹn: ta ló máa san dọ́là nígbà tí náírà ni àwa ń san? Bí wọ́n bá tì í pa, ṣé olúkúlùkù á lè kó iṣẹ́ rẹ̀ jáde? Ṣé wọ́n ti forúkọ sílẹ̀ ní CAC, ṣé ìpín yín á sì wà nínú ìwé? Gálárì wo, òtẹ́ẹ̀lì wo ló ti ṣèlérí pé òun ń bọ̀?

Àǹtí Ayàwòrán, Ṣómólú

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin èèyàn mi. Wọ́n ní olúkúlùkù á máa san 1,500 náírà lóṣù. Mo bi wọ́n ní ti gálárì, wọ́n ní bí ayàwòrán bá ti kún ibẹ̀, àwọn olówó á wá fúnra wọn.

Ìyá Aládìrẹ, Ìdúmọ̀tà

"Bó bá ti kún" yẹn ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ṣé kí n máa sanwó lóṣooṣù kí n lè máa fi àrà tí mo dá sórí aṣọ han aládìrẹ ẹlẹgbẹ́ mi? Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, àrà mi á ti wà lórí àtẹ ẹlòmíì. Oníbàárà ni kí wọ́n kọ́kọ́ wá, kí wọ́n tó wá gba owó lọ́wọ́ wa.

Ẹ̀gbọ́n Kóòdù, Sùúrùlérè

Bí 100 èèyàn bá san 1,500, 150,000 náírà ló jẹ́ lóṣù. Kò tó owó oṣù akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ kan tó ń kọ kóòdù, ká má tíì sọ ti àwọn mẹ́ta.

Ọ̀dọ́ Ayàwòrán, Bàrígà

Èmi á san án bó bá jẹ́ pé àwọn ọ̀gá á máa kọ́ wa níbẹ̀. Owó ẹ̀kọ́ nìyẹn, ó yàtọ̀ sí owó ọjà. Kí wọ́n pè é bẹ́ẹ̀.

Àǹtí Ayàwòrán, Ṣómólú

Ọ̀rọ̀ ọmọ Bàrígà yìí ló la ọ̀nà fún mi. Ohun tí mo máa sọ fún wọn lọ́jọ́ Ẹtì nìyí: owó ṣọ́ọ̀bù kò ní kúrò nílẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́, màá máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí a ṣe ń po ọ̀dà lórí ìkànnì náà ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, kí wọ́n fi ìpín san án fún mi nínú ìwé tí lọ́yà kọ. Ọjọ́ tí wọ́n bá mú gálárì kan ṣoṣo wọlé, a tún lè jókòó sọ̀rọ̀ owó. Mo fẹ́ kó yọrí sí rere fún wọn tọkàntọkàn.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní àdúgbò Bájùláyé, ta ló mọ ṣọ́ọ̀bù tó ṣófo?

Bàbá Oníférémù, Ojúẹlẹ́gbá

Ọ̀kan wà, télọ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kó kúrò níbẹ̀. Fèrèsé rẹ̀ fẹ̀, oòrùn kì í kọjú sí i tààrà. Owó ọdún méjì ni onílé ń béèrè, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Pè mí ní ìrọ̀lẹ́ kí n mú ẹ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, má sì jẹ́ kí ejẹ́ńtì kankan mọ̀ sí i.