Ìjàpá wa, ọ̀nà Àgbádárìgì, àti òru tí Zàngbétọ́ sìn wá délé

Ọmọ Ọ̀sà:

Ẹ ní kí kálukú sọ ìrírí mọ́tò àkọ́kọ́ tó ní. Èmi ò ní mọ́tò àkọ́kọ́. Àwa márùn-ún la ní in.

Volkswagen ìjàpá ni, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ẹ̀kọ tó ti sùn. Ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ olùkọ́ ló fi owó Udoji, àfikún owó oṣù tí ìjọba san fún òṣìṣẹ́, rà á ní 1975, ọdún yẹn gan-an tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí to ìjàpá ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà wa níbí. Títí dòní, "Volks!" ni kọ̀ndọ́ ń pe ibùdókọ̀ yẹn, bí ẹni pé mọ́tò ṣì ń jáde níbẹ̀. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n ra Datsun ní 1981, ó ní kí a máa gbé ìjàpá lọ, àmọ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa má wá bá òun sọ̀rọ̀ owó mẹkáníìkì láéláé.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ẹ́ńjìnnì ìjàpá, ẹ̀yìn ló wà. Búùtù wà níwájú, táńkì epo náà wà nínú búùtù yẹn. Kò sí rédíétọ̀, ẹnikẹ́ni ò bu omi sí i. Atẹ́gùn ló ń tù ú lára. Bátìrì ńkọ́? Abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn. Ibẹ̀ yẹn ni kí ẹ fọkàn sí.

Lọ́jọ́ ọjà kan, a gbé ìyá mẹ́ta láti Agbálátà, à ń lọ sí Ajára. Àwọn ìyá yẹn lára dáadáa, ìkan gbé abọ́ ẹja lé itan. Ọmọrí bátìrì sì ti sọnù tipẹ́. Bí a ṣe já sí kòtò àkọ́kọ́, írìn abẹ́ ìjókòó tẹ̀, ó lọ kan orí bátìrì. Ìyá tó wà láàárín ní, "Ọmọ mi, ìdí mi ń gbóná o." A bú sẹ́rìn-ín. A rò pé àwàdà ni, àfi ìgbà tí èéfín ń yọ láàárín ẹsẹ̀ wọn. Bí wọ́n ṣe bọ́ sílẹ̀, mi ò lè sọ, torí ilẹ̀kùn méjì péré ni mọ́tò yẹn ní. A wú ìjókòó sọ síta, koríko inú rẹ̀ ti ń jó. Ìyá ẹlẹ́ja ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó da abọ́ rẹ̀ sí i tomitomi, tẹjatẹja. Iná kú. A ṣèlérí pé a máa san owó ẹja. Ọyẹ́ dé, ọyẹ́ lọ, òórùn ẹja ò kúrò nínú mọ́tò yẹn. Ìwọ lọ gbé ọmọge nínú ẹ̀, kí o wo ojú ẹ̀.

Ní 1982, kọ́bọ̀ 20 ni lítà epo bẹntiróò kan. Náírà 8 á kún táńkì wa fọ́fọ́. Àwa márùn-ún á tú àpò, ó di Sẹ̀mẹ̀ lẹ́nubodè, ó di Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní ilẹ̀ Benin. Ẹni tó bá mọ ẹnubodè ìgbà yẹn á jẹ́rìí mi. Ará ilé kan náà ni wá. Ìyá ọ̀kan nínú wa, ilé bàbá rẹ̀ wà ní òdìkejì. A ó kí wọn ní Ègùn, wọn ó kí wa padà, ó parí. A ó mu sódàbí, ògógóró wọn, bọ̀. (Ẹni tó ń wa mọ́tò kì í mu. Òfin wa nìyẹn, àyàfi ọjọ́ tó bá mu.) Bẹ́líìtì ò sí, fóònù ò sí. Bí o bá ti kúrò nílé, ó di ìgbà tí wọ́n bá gbúròó ìjàpá.

Ìró yẹn gan-an ló kó bá wa. Ìjàpá ń dún bí ẹ̀rọ ìlọta tí ikọ́ ń ṣe, odindi àdúgbò ló mọ̀ ọ́n. Bàbá mi sì ti ní aago mẹ́wàá ò gbọdọ̀ bá mi níta. Nítorí náà, bí a bá pẹ́, a ó pa ẹ́ńjìnnì lórígun, a ó máa tì í lọ jẹ́jẹ́.

Lóru kan ní 1983, òde ìnáwó ní Festac la ti ń bọ̀. Aago kan ti lù. A ti jí ọmọ ilé epo kan dìde ní Mówó, ó kún táńkì wa, torí à ń lọ Àjàṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. A dé orígun, a paná, a bẹ̀rẹ̀ sí tì. Ẹ sì mọ iyanrìn Àgbádárìgì, ṣe ló ń gbé táyà mì. À ń mí gúlegúle nínú òkùnkùn, ni nǹkan kan bá ṣí kúrò lára ògiri. Mo kọ́kọ́ rò pé òrùlé koríko kan ló ń rìn. Zàngbétọ́, eégún ọdẹ òru àwọn Ègùn! Ó fì yíká lẹ́ẹ̀kan, koríko rẹ̀ ń dún ṣáà, ó dúró gbagidi síwájú mọ́tò. Ó fi ohùn ọ̀fun yẹn bi wá ní Ègùn pé mọ́tò ta ni à ń jí gbé.

A ní tiwa ni.

Ó ní tiyín, ẹ wá ń tì í?

Ẹnu mi yá jù. Mo ní epo ló tán.

Ó ní kò burú, òun á sìn wá délé. Ó sì sìn wá lóòótọ́, ó ń ké lọ ní gbogbo ọ̀nà. Ajá ń gbó, fèrèsé ń ṣí.

Bàbá mi jáde tòun ti fìtílà. Ó kí Zàngbétọ́ bó ṣe yẹ, ó wá yíjú sí mi. "Epo tán?" "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." "Ẹ pẹ̀lẹ́ o." Ó gbé fìtílà jìnnà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó wọlé, ó gbé garawa epo alùpùpù rẹ̀ jáde, ó ní kí n ṣí búùtù. Mo ṣí i. Ó ń dà á, kò tí ì pẹ́ tó fi ń tú jáde, ó ń ṣàn gba orí táyà àpọ́jù, ó ń kán tótó sórí iyanrìn. Bàbá mi rọra de garawa rẹ̀. "Ẹ́n-ẹ̀n," ó ní, "ó ti yó." Ó wọlé lọ sùn. Kò tún dá ọ̀rọ̀ yẹn sọ mọ́. Àmọ́ títí ó fi kú, bí mo bá ti fẹ́ parọ́, á ní, "Ṣé epo ti tán ni?"

Ní 1984 ìjọba ológun ti ẹnubodè. Kí wọ́n tó ṣí i ní 1986, ọ̀kan nínú wa ti lọ Kàdúná, ọ̀kan ti gbéyàwó, lítà epo sì ti di kọ́bọ̀ 39 àti ààbọ̀. Abẹ́ igi àgbọn ni ìjàpá kú sí, adìẹ ló jogún ẹ̀. Lóṣù tó kọjá, ọmọ mi gbé mi láti Máílì 2, éésì ń fẹ́ sí mi lára. Mo ń ka ìdènà ojú ọ̀nà títí mo fi sùn lọ.

Ìyá Ajára:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrántí. Àmọ́ òmìnira ẹ̀yin ọkùnrin lẹ̀ ń sọ yẹn o. Ẹ̀gbọ́n mi fi Peugeot 404 bàbá wa kọ́ mi lọ́nà oko àgbọn, mo sì mọ̀ ọ́n wà ju òun lọ. Lọ́jọ́ tí mo wà á gba ẹ̀gbẹ́ ọjà kọjá, àwọn ìyá ń ṣàtẹ́wọ́. Lálẹ́, bàbá gba kọ́kọ́rọ́: ta ló fẹ́ fẹ́ dẹ́rẹ́bà? Mo ti bímọ mẹ́ta kí n tó tún di sítíárìn mú.

Bàbá yẹn kan náà, nígbà tí wọ́n ní kí gbogbo mọ́tò kúrò lọ́wọ́ òsì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún ní 2 April 1972, ṣe ló ń sọ ọ́ sára lójoojúmọ́: "ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ ọ̀tún." Àwa ọmọ fi ṣe eré àtẹ́wọ́.

Ọmọ Agbálátà:

Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Ọmọ Ọ̀sà, ìjàpá yẹn, ṣé gíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀ ti sán, tí wọ́n fi táàpù lẹ̀ ẹ́?

Ọmọ Ọ̀sà:

Háà! Òun ni. Báwo lo ṣe mọ̀?

Ọmọ Agbálátà:

Màámi ló ni ẹja. Mo ń kà á fún wọn lọ́wọ́ báyìí. Wọ́n ní ọ̀bọ̀kún mẹ́rin ni, àti epìyà tí wọn ò kà. Wọ́n ní kí n béèrè, ṣé owó yẹn náà, epo ló tán ni?