Ilé alámọ̀ tí bàbá wa kọ́ sí Ìsánlú: báwo ni kí a ṣe tún inú rẹ̀ tò?

Ọmọ Ìsánlú béèrè pé:

Mo kí gbogbo ará Òkun, àwa Yorùbá Ìpínlẹ̀ Kogí, àti ẹ̀yin yòókù tí ẹ máa ń dá sí ọ̀rọ̀ ilé. Màmá wa, tí wọ́n ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Lọ́kọ́ja kí wọ́n padà sí ilé bàbá wa ní Ìsánlú kí ọdún yìí tó parí, èmi ni àwọn ẹ̀gbọ́n mi sì ní kí n bójú tó àtúnṣe inú ilé náà. Bàbá wa kọ́ ọ ní nǹkan bí 1972, nígbà tí gbogbo Yàgbà ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Kwara. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n, sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi rẹ́ ẹ nínú àti níta, páànù ni wọ́n sì fi bò ó. Pálọ̀ wà níwájú, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gba àárín kọjá dé ẹ̀yìn, yàrá mẹ́ta mẹ́ta sì kọjú síra lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ilé ìdáná àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà ní àgbàlá ẹ̀yìn.

Mo fẹ́ wó ògiri tó wà láàárín pálọ̀ àti yàrá àkọ́kọ́ lápá òsì kí pálọ̀ lè fẹ̀, nítorí pé bí tọmọtọmọ bá dé nígbà Kérésìmesì, kì í sí àyè ìjókòó. Mo fẹ́ lẹ táìsì sí ilẹ̀ gbogbo yàrá, kí n sì kun ilé látòkè délẹ̀. Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé ọ̀dà kì í dúró lára ògiri pálọ̀. Bàbá wa fi ọ̀dà olóròóró aláwọ̀ ewé kun ìsàlẹ̀ rẹ̀ dé ìbàdí, wọ́n sì fi ọ̀dà olómi kun òkè. Ibi tó fi díẹ̀ ga ju ibi tí ọ̀dà olóròóró parí sí gan-an ni ó ń bó, ìyẹ̀fun funfun kan sì ń yọ jáde níbẹ̀. A ti kùn ún léraléra, ibì kan náà ni ó ń padà sí. Yàtọ̀ sí èyí, mo ní aṣọ àtijọ́ kan tí ìyá bàbá wa hun, mo sì fẹ́ fi í ṣe ọ̀ṣọ́ sára ògiri pálọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ẹ rí sí i?

Ayọ̀délé Lọ́kọ́ja fèsì pé:

Ẹ kú ìmúra o. Ní tèmi, kò sí ohun tó le níbẹ̀. Ẹ wó ògiri náà, kí ẹ da igi kọnkéré kan sí òkè ibi tí ẹ wó, kí ẹ fi páànù ìgbàlódé rọ́pò ti àtijọ́, kí ẹ sì yọ àjà àtijọ́ kúrò. Ọ̀dà tó dára, èyí tí a lè fi omi fọ̀, ni kí ẹ fi kun gbogbo rẹ̀. Ilé yóò di ọ̀tun.

Mọlémọlé Kàbà fèsì pé:

Àbúrò mi, ẹ má tíì pe ẹni tí yóò wó ògiri, ẹ má sì tíì ra ọ̀dà. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹni tó sọ̀rọ̀ ṣáájú mi, ṣùgbọ́n ilé oníbúlọ́ọ̀kù ni ó ń wí, kì í ṣe ilé alámọ̀.

Ohun tí ẹ ṣàpèjúwe kì í ṣe ẹ̀bi ọ̀dà. Omi ni ó ń gun ògiri láti inú ilẹ̀. Amọ̀ máa ń fa omi sókè, bí a bá sì ti fi sìmẹ́ńtì bò ó tinú tòde, omi náà kì í tètè rí ọ̀nà jáde. Ọ̀dà olóròóró wá dí ìsàlẹ̀ pa pátápátá, nítorí náà omi ń gòkè títí ó fi kọjá ìbàdí, ibi tó ti kọ́kọ́ rí àyè ni ó sì ń gbà jáde. Ìyẹ̀fun funfun yẹn jẹ́ iyọ̀ tí omi gbé wá láti inú ilẹ̀: omi gbẹ, iyọ̀ ṣẹ́kù, iyọ̀ sì ń ti ọ̀dà kúrò lára ògiri. Bí ẹ bá fi ọ̀dà tí a lè fi omi fọ̀ kùn ún gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ, omi yóò tún gòkè sí i ni.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ dájú, ẹ mú ọ̀rá tó mọ́ gaara kan tó fẹ̀ tó ojú ìwé ìròyìn, kí ẹ fi téèpù lẹ gbogbo etí rẹ̀ mọ́ ògiri kí afẹ́fẹ́ má bàa wọ ibẹ̀, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Bí omi bá sẹ̀ sí ẹ̀yìn ọ̀rá, ní apá tó kọjú sí ògiri, inú ògiri ni omi wà. Bó bá jẹ́ apá tó kọjú sí yàrá ni ó tutù, àìsí afẹ́fẹ́ tó tó nínú ilé ni ẹ ó wá nǹkan ṣe sí. Lẹ́yìn náà, ẹ fi oríkèé ìka kan ògiri káàkiri, kí ẹ sì tẹ́tí sí i. Níbi tó bá ti dún bí agbè òfìfo, sìmẹ́ńtì ti ṣí kúrò lára amọ̀ níbẹ̀, ẹ fi ẹfun sàmì sí i.

Ẹ wá jáde síta kí ẹ wo ìdí ògiri, torí níbẹ̀ ni iṣẹ́ gidi wà. Ní ilé tó ti pẹ́ báyìí, ilẹ̀ àgbàlá ti ga sí i láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fura. Àgbàrá ń kó erùpẹ̀ wá, àwa náà ń gbá tiwa jọ sí ìdí ògiri, àwọn kan tilẹ̀ ń da sìmẹ́ńtì lé e lórí kí ẹsẹ̀ ilé lè lágbára, títí ilẹ̀ ìta fi ga dọ́gba pẹ̀lú ilẹ̀ pálọ̀ tàbí kí ó tilẹ̀ jù ú lọ. Ẹ wa erùpẹ̀ yẹn kúrò títí ilẹ̀ ìta yóò fi relẹ̀ ju ti inú ilé lọ ní ìwọ̀n ínǹṣì 6 ó kéré tán, ṣùgbọ́n ẹ kò gbọdọ̀ wà á dé abẹ́ ìpìlẹ̀. Kí ilẹ̀ náà dà gẹ̀rẹ́ síta, kí omi tó ń já láti etí páànù má sì ta sí ara ògiri mọ́.

Nínú ilé, ẹ fọ́ gbogbo ibi tí ẹ sàmì sí dànù, kí ẹ jẹ́ kí amọ̀ rí afẹ́fẹ́ ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ má fi sìmẹ́ńtì pọ́ńbélé rẹ́ ẹ padà. Amọ̀ máa ń wú nígbà òjò, ó sì máa ń sún kì nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Sìmẹ́ńtì kì í bá a wú, kì í sì í bá a sún kì, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ ara wọn sílẹ̀. Amọ̀ tí a pò mọ́ yanrìn àti koríko gbígbẹ tí a gé wẹ́wẹ́ ni ó bá a mu. Bí ó bá gbẹ, ọ̀dà olómi ni kí ẹ fi kùn ún látòkè délẹ̀, kí ẹ má ṣe fi ọ̀dà olóròóró kun ìsàlẹ̀ mọ́. Táìsì náà ńkọ́? Bí ẹ bá lẹ̀ ẹ́ sí gbogbo ilẹ̀ nígbà tí abẹ́ ilẹ̀ ṣì tutù, omi tó ń gba ojú ilẹ̀ jáde tẹ́lẹ̀ yóò darí sí ìdí ògiri.

Ní ti ògiri tí ẹ fẹ́ wó, ẹ gun òkè àjà lọ wo ibi tí igi òrùlé fẹ̀yìn tì. Nínú irú ilé báyìí kò sí òpó. Ògiri ni ó gbé òrùlé, ògiri kan ni ó sì ń di èkejì mú. Igi kọnkéré wúwo púpọ̀, ojú méjì péré ni yóò sì gbé gbogbo ìwúwo rẹ̀ lé, bẹ́ẹ̀ amọ̀ kò lè ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lójú kan láìsí òpó tó ti ìpìlẹ̀ wá. Bí ẹ kò bá lè ṣe aláìṣí ibẹ̀, ẹnu ọ̀nà kan tí kò fẹ̀ jù ni kí ẹ lù, kí ó jìnnà sí igun ilé, kí igi orí rẹ̀ sì wọ inú ògiri dáadáa ní ọ̀tún àti ní òsì. Ṣùgbọ́n, ní tòótọ́, ẹ má wó ògiri ọdún gbọgbọrọ nítorí Kérésìmesì. Ẹ ta àtíbàbà sí àgbàlá.

Nọ́ọ̀sì Àná, Ẹ̀gbẹ̀, fèsì pé:

Bàbá Mọlémọlé ti sọ ti ògiri, èmi fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa màmá tí yóò gbé inú rẹ̀, nítorí mo rí i pé ìyípadà pálọ̀ pọ̀ nínú ètò yín ju ti yàrá wọn lọ.

Yàrá tó kẹ́yìn, èyí tó súnmọ́ àgbàlá, ni kí ẹ fún wọn, kì í ṣe ti iwájú bí àṣà wa ṣe rí. Àgbà kì í lè pẹ́ lójú oorun kí ó má dìde lọ tọ̀, ọ̀nà jíjìn nínú òkùnkùn ni ó sì ń fa ìṣubú. Ẹ kọ́ ilé ìwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kékeré kan mọ́ ẹ̀yìn yàrá náà, kí ẹ fi búlọ́ọ̀kù mọ ọ́n lọ́tọ̀, kí ilẹ̀kùn kan ṣí sí i láti inú yàrá. Ẹ má sọ ọ̀kan nínú àwọn yàrá alámọ̀ di ilé ìwẹ̀, torí omi ojoojúmọ́ yóò ba ògiri jẹ́. Kí ilẹ̀ méjèèjì wà ní ìdọ́gba, láìsí àtẹ̀gùn. Táìsì tó ń dán kò yẹ àgbà. Èyí tí ojú rẹ̀ rí wúruwùru ni kí ẹ rà, ilé ìwẹ̀ nìkan sì ti tó láti lẹ̀ ẹ́ sí.

Kí bẹ́ẹ̀dì má ga jù, kí ẹsẹ̀ wọn lè tẹ ilẹ̀ bí wọ́n bá jókòó sí etí rẹ̀. Kí ibi tí wọ́n ti ń tan iná wà ní ìwọ̀n ìnàwọ́ láti orí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì wẹ́wẹ́ kúrò nílẹ̀. Àpótí aṣọ wọn àti àga tí wọ́n máa ń jókòó sí, ẹ má fi tuntun rọ́pò wọn láìbi wọ́n. Ẹ tò wọ́n bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀, kí ọwọ́ wọn lè mọ ọ̀nà lóru. Kí ohunkóhun tó ga má lẹ̀ mọ́ ògiri ìta, ẹ jẹ́ kí àyè bí ìbú ọwọ́ kan wà lẹ́yìn rẹ̀ kí aṣọ má bàa hu.

Mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan àjà. Bí ó bá jẹ́ pákó eérú, ìyẹn pákó líle aláwọ̀ eérú tí a máa ń lò ní ọdún wọnnì, ó ṣeé ṣe kí asbestos, òkúta onífọ́nrán tó léwu, wà nínú rẹ̀. Eruku rẹ̀ máa ń fa àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè tó ogún ọdún tàbí ogójì kí àrùn náà tó yọjú. Bí kò bá tíì fọ́, kò ní wàhálà: ẹ fi í sílẹ̀, kí ẹ fi ọ̀dà funfun kùn ún. Ẹ má fi ayùn gé e, ẹ má lu ihò sí i, ẹ má sì gbá eruku rẹ̀ ní gbígbẹ.

Bàbá Ìyàrà fèsì pé:

Ọmọ mi, ìmọ̀ràn tí wọ́n fún ọ dára, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò tíì béèrè ibi tí ibojì wà. Ní ilẹ̀ wa, inú yàrá tàbí iwájú ilé ni a ti máa ń sin àwọn àgbà tẹ́lẹ̀ rí, ẹlòmíràn kò sì ní àmì kankan lórí. Kí o tó wa ilẹ̀, kí o tó lẹ táìsì, kí o tó sọ yàrá kan di ibi tí a ń kó ẹrù sí, lọ bá àwọn àgbà ẹbí kí wọ́n fi ibẹ̀ hàn ọ́. Ilé bàbá yín ni, gbogbo ọmọ ni ó ni ín. Kí àwọn àbúrò bàbá rẹ náà gbọ́ ọ kí wọ́n tó rí i. Ó máa ń jẹ́ ìjà tí ẹnì kan bá dé láti ìlú ńlá tó bá ilẹ̀kùn níbi tí kò sí tẹ́lẹ̀.

Ní ti aṣọ, kí ni àwọ̀ rẹ̀? Bó bá jẹ́ aláró tàbí funfun, fi ọ̀pá gbọọrọ kan kọ́ ọ, má kan ìṣó mọ́ ọn, kí oòrùn fèrèsé má sì máa tàn sí i tààrà. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ aṣọ pupa Bùnú, ti ìsìnkú àgbà ni. Ẹni tó mọ̀ ọ́n tó bá wọ pálọ̀ yín yóò béèrè ẹni tó kú. Ká a sínú àpótí.

Ọmọ Ìsánlú tún kọ̀wé pé:

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin bàbá àti ìyá mi. Aláró ni aṣọ náà. Mo ti pe àbúrò bàbá wa lórí fóònù: ìyá àgbà wà ní yàrá kejì lápá ọ̀tún, bàbá wa sì wà níwájú ilé. Pákó eérú yẹn gan-an ni ó wà lókè pálọ̀, igun ọ̀kan ti fọ́ tẹ́lẹ̀. Bàbá Mọlémọlé, bí ògiri bá ní láti gbẹ ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, báwo ni màmá ṣe máa wọlé kí ọdún tó parí?

Mọlémọlé Kàbà fèsì pé:

Wọn yóò wọlé. Ọ̀tọ̀ ni yàrá, ọ̀tọ̀ ni pálọ̀. Ẹ ti àwọn yàrá ẹ̀yìn bọ̀: bí ọ̀dà olóròóró kò bá sí níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ògiri wọn gbẹ, ẹ sì lè parí yàrá màmá àti ilé ìwẹ̀ rẹ̀ láàárín oṣù kọkànlá. Iṣẹ́ ìta náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ bí òjò bá ti dá, kí ilẹ̀ tó le. Ní pálọ̀, ẹ fọ́ ibi tó ṣí, kí ẹ jẹ́ kí ògiri wà bẹ́ẹ̀ ní ìhòòhò títí di oṣù kẹta, kí àlejò Kérésìmesì jókòó síbẹ̀ bó ti wà. Rírẹ́ àti kíkùn lè parí kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé.

Ní ti pákó tó fọ́, ẹ fi omi rin ín dáadáa kí ẹnikẹ́ni tó tú u, kí ó wá sílẹ̀ ní odindi, kí ẹ fi ọ̀rá tó nípọn wé e ní ìlọ́po méjì. Ẹni tó ń ṣe é gbọ́dọ̀ bo imú, kí àwọn ọmọdé sì kúrò nílé lọ́jọ́ náà. Bí ẹ bá ti gun òkè àjà, ẹ ya àwòrán igi òrùlé wá kí n wo bóyá ikán ti dé ibẹ̀.